Ìwé mẹ́ta ni mo ń kà pọ̀, ọ̀kan ò parí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Aláṣọ Gbági:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó ní kí kálukú wá sọ ohun tó ń kà lọ́wọ́ ló jẹ́ kí n lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́ta ló wà lábẹ́ kaúntà mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan ni Igbó Olódùmarè ti Fágúnwà, èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀; epo pupa ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, ikán sì ti jẹ ẹ́ létí. Ìkejì ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ó tóbi bíi búlọ́ọ̀kù. Ìkẹta, ọmọ mi ọkùnrin ló gbàgbé e sílé nígbà tó ń padà sí yunifásítì: ìtàn ilẹ̀ Mali láyé ọba wọn Mansa Musa.

Wàhálà mi rèé. Ti ọmọ mi yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kà á dé ìdajì. Ti Fágúnwà, ojú ìwé méjì lóòjọ́, orí á ti máa fọ́ mi. "Nwọn", "aiye", "enia", "yio". Àmì ohùn ò sì pé lórí ọ̀rọ̀. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn kan kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo ń pè ní igbá, ìgbà ni. Ọmọ mi obìnrin wá ń fi mí rẹ́rìn-ín, pé èmi tí mò ń bá òun jà lórí Yorùbá, mi ò lè kà á. Ojú tì mí, mi ò ní parọ́.

Ṣé kí n wá èyí tí Ṣóyínká tú sí Gẹ̀ẹ́sì kà ná? Johnson ńkọ́, tó ní ọmọ Lámúrúdu ọba Mẹ́kà ni wá? Ṣé kí n gbà á gbọ́ ni àbí kí n pa ìwé yẹn dé? Èwo ni kí n kọ́kọ́ parí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ṣóyínká tú Igbó Olódùmarè ní 2010, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ mu Yorùbá mọ́ ọmú, kí lẹ fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe?

Ojú lẹ fi ń kà á, ẹ fi ẹnu kà á. Ọmọ tí mo bá ní kó ka Fágúnwà sínú ní kíláàsì, oorun ló máa ń sùn. Ẹ ké e jáde, ohùn á bọ́ sípò fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà ọwọ́ yín ti wà kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ìlànà tí a fi ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ní 1974, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí "nwọn" àti "onjẹ". Tí ẹ bá dé ibi tí Olówó-Ayé, akọni inú ìwé náà, ti pàdé Èṣù-kékeré-òde, ẹ kà á sókè kí ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yọjú, ẹ wá bú mi níbí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Peckham:
Kí Tíṣà má bínú o, London ni wọ́n bí mi sí. Ògbójú Ọdẹ tí Ṣóyínká tú ní 1968 ni mo gbà wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, n kì bá tí mọ Fágúnwà rárá. Báyìí mo máa ń ṣí méjèèjì sórí itan nínú bọ́ọ̀sì, Yorùbá lápá ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Tìrẹ yàtọ̀, ọmọ mi. Ìyá aláṣọ ni mò ń dá lóhùn.

Akàwé-òru:
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa Johnson dé! Ìtàn tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ló ń rò níbi tí ẹ dé yẹn. Ẹ ṣí i síwájú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní Yorùbá kì í ṣe ìran Lárúbáwá, pé a ò lè ti Mẹ́kà wá. Ó wá gbé wa lọ sí òkè Íjíbítì tàbí Nubia, ìyẹn náà ò wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé rẹ̀ ńkọ́? Ogun Kírìjí, òun wà lára àwọn tó ń sáré láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé ní 1886.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà n'Ìbàdàn, ẹ lọ tààrà síbi Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Eré orí ìtàgé ti jẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ìkà. Johnson ní oko rẹ̀ nìkan ní ẹrú tó tó bíi 2,000. Ó tún sọ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, pé ẹ̀yìn ìyẹn ni ìkà náà bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìwé sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á débẹ̀.

Ìwé yẹn gan-an, díẹ̀ ló kù kó má sí. Ó kọ ọ́ tán ní 1897, ó sọ nù sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nílùú òyìnbó, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló ṣa àkọsílẹ̀ jọ tó tún un kọ. Ìgbà tó fi ránṣẹ́, ogun àgbáyé ti dé, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun tó gbé e. Ó tó di 1921 kó tó jáde, dókítà náà ti kú.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀:
Kò sẹ́ni tó máa dá sí ti Mansa Musa? Gbogbo èèyàn ló mọ ti wúrà tó ná ní Káírò ní 1324, tí owó wúrà fi já wálẹ̀. Èmi, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dé Mali ní 1352, Sulayman àbúrò Musa ló wà lórí oyè. Wọ́n ní ẹ̀bùn ọba ń bọ̀, ó sáré dìde, ó rò pé aṣọ ńlá àti owó ni. Búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù díndín kan, àti igbá wàrà! Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba oníbàárà, ẹ mọ irú ojú tó máa ṣe.

Kí ẹ fi ti ilé kún un: àsìkò yẹn náà ni Ifẹ̀ ń rọ idẹ. Àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1938 níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ka irú wọn sí.

Ìyá Aláṣọ Gbági:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dánu dúró, iṣẹ́ Tíṣà ni mò ń jẹ́. Mo ké e jáde lóòótọ́. Oníléèsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, oníbàárà tó ń ná àǹkárá lọ́wọ́ jókòó lórí àpótí, kò tiẹ̀ rántí owó mọ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń ṣí ìwé fún mi báyìí. Johnson á dúró ná, Ẹfúnṣetán nìkan ni mo yọ́ lọ kà lálẹ́.

Àmọ́ ẹ gbà mí o. Níbi tí Olówó-Ayé ti dojú kọ Àǹjọ̀nú Ìbẹ̀rù tó ń ṣọ́ ẹnubodè, ikán ti jẹ ewé ìwé méjì lọ. Àwọn èèyàn ò fẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ní ẹ̀dà tó pé?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ní kí wọ́n jókòó, mò ń ya fọ́tò rẹ̀ bọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni, mò ń wá tọ́ọ̀ṣì.