Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń rí mọ́tò fún Mama tó ń gbé lẹ́yìn Ìdó?

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé, Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Mama mi ti kó padà sí abúlé lọ́nà Ìdó, wọ́n dẹ̀ ń lọ ṣe ìtọ́jú ojú ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá kẹ́yìn, àbúrò mi pe mọ́tò lórí app láago mẹ́fà àárọ̀, dẹ́rẹ́bà kan gbà á, ó pè pé ibo ni, bó ṣe gbọ́ orúkọ abúlé báyìí ó kánsù, ìkejì náà kánsù, Mama múra tán wọ́n jókòó sí fàráńdà títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ó dùn mí wọra. Mò ń bọ̀ nílé ní December, mi ò fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́ àbúrò, Ọlọ́run á wo Mama sàn. Ẹ má bínú sáwọn dẹ́rẹ́bà yẹn jù. Tó bá já Mama sílẹ̀ tán lábúlé, òfìfo ló máa padà dé Ológunẹ̀rú lójú ọ̀nà Ìdó níbẹ̀, ta ló máa san owó epo yẹn fún un? Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni wọ́n ti ń ṣírò gbogbo ìrìn kí wọ́n tó gbéra. Ìbàdàn yìí, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni, 5 ló wà nígboro, 6 tó kù, Ìdó wà nínú ẹ̀, oko pọ̀ níbẹ̀. Bodija àti Challenge làwọn mọ́tò app pọ̀ sí.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá, Toronto:
Àbúrò, ẹ fi app sílẹ̀ fún ìgboro. Dírọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ gbé, ìyẹn kẹ́ ẹ háyà mọ́tò fún ara yín nìkan, àlọ àtàbọ̀, ẹnì kan náà. Ẹ wá ẹni tó ń sùn lápá ibẹ̀, ẹ béèrè ní gáréèjì Ológunẹ̀rú tàbí lọ́wọ́ onímicra àdúgbò, àwọn tó ń fi mọ́tò Micra kékeré ṣe táásì, torí ẹni tó máa ti Iwo Road wá bá yín láago mẹ́fà, kò ní dé lásìkò. Ibi tí ìjà máa ń wà ni owó ìdúró. Ilé ìwòsàn lè mú yín di ìrọ̀lẹ́, ẹ sọ ọ́ látàná pé títí wọ́n á fi ṣe tán ni, ẹ san díẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ san ìyókù tí Mama bá délé, kẹ́ ẹ sì ra oúnjẹ ọ̀sán fún dẹ́rẹ́bà náà. Tó bá jẹ́ micra, ẹ sọ fún un pé Mama nìkan ló máa jókòó síwájú, ẹ mọ̀ pé èèyàn méjì ni wọ́n ń kó síbẹ̀, orúnkún àgbàlagbà ò lè gba ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa nájà, ẹ tẹ Ológunẹ̀rú sí Òríta Mẹ́fà níbi tí UCH wà sínú app, ẹ wo iye tó máa gbé wá, ẹ má tíì pe mọ́tò.

Àti fóònù o! Dẹ́rẹ́bà ò ní pe nọ́ńbà Leeds, ẹ fún un ní ti àbúrò yín. Kí àbúrò dúró sójú ilé gan-an kó fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó sì fi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí igi ńlá ṣàpèjúwe, torí abúlé ò ní nọ́ńbà ilé. Owó kéékèèké náà ṣe pàtàkì, nẹ́tíwọ́kì lè má jẹ́ kí tiransífà wọlé.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé, Leeds:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Òjò ńkọ́, ọ̀nà abúlé wa burú.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá, Toronto:
December ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku ni yóò pọ̀, mọ́tò á wọlé. Ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, ẹ má sì gbé Mama sórí ọ̀kadà láéláé. Ẹ tètè gbéra ṣá, Ẹlẹ́yẹlé sí Mọ́kọ́lá, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ni láàárọ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé, Leeds:
Mo ti pe àbúrò mi. Ó ti rí onímicra kan ní Ológunẹ̀rú, bàbá àgbàlagbà, wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wá wo ọ̀nà náà lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n tó dá wa lóhùn owó.