Mo wá jábọ̀ lórí òòyì tó ń kọ́ màmá mi

Ẹ kú ìdúró o. Mo béèrè lọ́wọ́ yín nípa òòyì tó ń kọ́ màmá bí wọ́n bá ti yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn mìíràn ní ibà. Etí ni o.

Dókítà etí yí orí wọn sápá ọ̀tún, ó dá wọn dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ẹyinjú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pì pì. BPPV ni wọ́n ń pè é: ègé kálísíọ́mù tíntìntín inú etí lọ́hùn-ún ló ṣí kúrò láyè rẹ̀. Yíyí orí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín, ni wọ́n fi ń dá a padà, ọ̀nà tí dókítà John Epley ará Amẹ́ríkà gbé jáde. Màmá pariwo, wọ́n di apá mi mú gírígírí, àmọ́ nígbà tí wọ́n dìde, ilé ò yí mọ́. Inú mi dùn kọjá sísọ!

Ó lè padà wá, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí òòyì kọ́ tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ọsibítù ni kíá, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ ṣeun gan-an. Ibi tí mo dákẹ́ sí nìyí.