Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò dákẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí mo ti ń jí ní aago 5 ìdájí, kí àwọn ọmọ tó jí, kí n lè dá jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kí ọkàn mi lè sinmi.

Màá gbé fóònù sí yàrá kejì, màá wá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ máa ń dùn. Lẹ́yìn náà ni ariwo inú orí á bẹ̀rẹ̀: gbèsè, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ, àní ìjà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà lọ́dún 6 sẹ́yìn! Lánàá, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde lọ ń fọ abọ́.

Ọkọ mi ní kí n máa fi àkókò náà gbàdúrà. Mo ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni ìyẹn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mò ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ariwo yìí máa ń rọlẹ̀ tó bá yá? Ṣé kí n máa ka èémí mi ni, àbí kí n máa rìn dípò ìjókòó? Ẹ má kàn ní kí n ní sùúrù o. Ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an ni kẹ́ ẹ sọ.