Kọ̀ǹpútà mi kò fẹ́ parí iṣẹ́, ọ̀la sì ni mo máa fi han olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ gbà mí o. Ìṣirò discrete, ìyẹn ìṣirò ohun tó ṣeé kà lẹ́yọ lẹ́yọ, ni mò ń kà fún oyè kejì, wọ́n sì ní kí n ṣe àwòṣe ètò ìdánwò: ìdánwò kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì, ìlà so ìdánwò méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà fẹ́ ṣe pọ̀, àkókò ìdánwò sì ni àwọ̀ tí a fi ń kun àmì. Mo kọ ọ́ ní integer programming, ìyẹn ìṣirò tí a fi ń wá ìdáhùn tó dára jù lọ, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, mo gbé e fún kọ̀ǹpútà lálẹ́ àná, ilẹ̀ mọ́, kò tíì parí. Ṣé kí n jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà náà gba ìdá, kí n wá sún wọn sí odidi tó bá sún mọ́ wọn jù? Ẹ jọ̀wọ́, nínú ẹ̀kọ́ matroid (òfin gbogboogbò nípa àwọn ohun tí kò gbára lé ara wọn) àti ẹ̀kọ́ random graph (àmì tí a kàn fi ìlà so bí ó ṣe bọ́ sí), èwo ni kí n yàn fún sáà tó ń bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Bonn: Àbúrò, má dán an wò. Ohun tó ba orí kan odidi jẹ́ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi nìyẹn, àmì mẹ́ta péré sì ni olùdánwò fi tú mi fó. Ya onígun mẹ́ta, kí o ní kí kọ̀ǹpútà yan àmì tó pọ̀ jù lọ tí ìlà kankan kò so méjì nínú wọn pọ̀. Bí o bá gba ìdá láàyè, yóò fún àmì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì, àpapọ̀ wọn yóò sì jẹ́ 1.5. Sún ìdajì sókè, o ti kó àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń bára wọn jà sójú kan. Sún un sísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ni ìdáhùn. Bí àmì bá jẹ́ 100, tí gbogbo wọn so mọ́ra, ìdá yóò máa fọ́nnu pé òun lè yan 50, ẹyọ kan náà ni ìdáhùn yóò ṣì jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Budapest: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kọjá ààlà. Bí àwọn àmì bá pín sí apá méjì, tí òṣìṣẹ́ wà ní apá kan, tí iṣẹ́ wà ní apá kejì, tí ìlà kò sì so àwọn ará apá kan náà, simplex, ọ̀nà tí a máa ń fi wá ìdáhùn nígbà tí a bá gba ìdá láàyè, fúnra rẹ̀ ni yóò gbé odidi jáde, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sún. Ìlú tí mò ń gbé yìí ni Dénes Kőnig, onímọ̀ ìṣirò, ti fi ìdí irú èyí múlẹ̀ ní 1931.

Àbúrò Waterloo: Kódà lórí onígun mẹ́ta, ohun tí a ń wá ló ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé àmì tó kéré jù lọ tí yóò kan gbogbo ìlà ni a ń wá, tí a sì sún ohunkóhun tó bá tó ìdajì sókè, ìdáhùn wa yóò bófin mu nígbà gbogbo, kò sì ní ju ìlọ́po méjì èyí tó dára jù lọ. A ó yan 3 níbi tí 2 ìbá ti tó.

Ẹ̀gbọ́n Bonn: Ìlọ́po méjì! Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọ̀ ni ọmọ yìí ń kùn. Nínú irú àwòṣe rẹ̀, ìdá yóò gbé ìdajì ìdánwò kọ̀ọ̀kan sí àkókò kìíní, ìdajì yòókù sí ìkejì, yóò sì búra pé àkókò méjì tó fún gbogbo ilé-ìwé.

Àbúrò Waterloo: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tó ń pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí àkókò bá jẹ́ 10, ọ̀nà 3,628,800 ni a lè gbà pààrọ̀ orúkọ wọn, ètò kan ṣoṣo náà sì ni gbogbo rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì máa tú u wò bí ẹni pé tuntun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun, wá ìdánwò mẹ́rin tí gbogbo wọn so mọ́ra, kí o de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àkókò tirẹ̀, láti 1 dé 4. Ọ̀nà 720 péré ló kù. Lẹ́yìn náà, níbikíbi tí o bá ti rí onígun mẹ́ta, má kọ òfin fún ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́. Kọ ọ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ nínú àkókò kan.

Ìyá Ìbejì, Budapest: Kí o má sì sọ fún olùkọ́ rẹ pé o ti fi hàn pé iṣẹ́ náà le nítorí pé o sọ ọ́ di integer programming. Ohun tó rọrùn náà ṣeé sọ di èyí tó le. Iṣẹ́ tí a ti mọ̀ pé ó le ni kí o sọ di tìrẹ; àwọ̀ kíkùn sì wà lára iṣẹ́ 21 tó le tí Karp, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tò ní 1972.

Ẹ̀gbọ́n Bonn: Ọ̀rọ̀ àgbà. Ní Bonn níhìn-ín ṣá, ìṣirò yìí ni a fi ń to wáyà inú chip kọ̀ǹpútà tí gbogbo yín fi ń bá mi jà.

Àbúrò Waterloo: Tutte, onímọ̀ ìṣirò tó tú àṣírí Lorenz, ẹ̀rọ tí àwọn ará Jámánì fi ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láìfojú kan ẹ̀rọ náà, ọ̀dọ̀ wa ní Canada ló wá fìdí kalẹ̀ sí ní 1962.

Ìyá Ìbejì, Budapest: Budapest ni wọ́n bí Erdős, àgbà onímọ̀ ìṣirò, sí, ó kàn wá sun àsùnkiri lọ́dọ̀ gbogbo yín ni.

Ẹ̀gbọ́n Bonn: Königsberg, ìlú tí ìṣirò àmì àti ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ló ju gbogbo wa lọ, àní pẹ̀lú afárá méje péré. Euler, onímọ̀ ìṣirò, sọ pé ènìyàn kò lè gun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì padà sílé. Àwa tí a wà lókè òkun kò nílò ẹ̀rí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Budapest: Ẹ má jẹ́ kí n sunkún. Èdè wa ni mo fi ń ronú lórí ẹ̀rí, èdè wa ni mo fi ń bú u nígbà tó bá kọ̀ láti jáde, kò sì sí ẹnì kan nínú yàrá iṣẹ́ wa tó lè bá mi bú u.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun: Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti de mẹ́rin náà mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti rí ètò alákòókò 11, ó sì ti jẹ́rìí pé kò lè kéré sí 10, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jà lórí èyí tó kù. Ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí matroid.

Ìyá Ìbejì, Budapest: Random graph ni. Erdős àti Rényi kọ nípa rẹ̀ ní 1959.

Àbúrò Waterloo: Whitney ló bí matroid ní 1935, Tutte ló sì tọ́ ọ dàgbà. Matroid ni.

Ẹ̀gbọ́n Bonn: Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.