Ṣé akoto nìkan kò tó fún ẹni tó ń gun alùpùpù lọ síbi tí kò jìn?

Ẹṣin Irin béèrè pé:

Ẹ kú àkókò yìí o, ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Mo ra akoto tó dáa, n kì í sì í jáde láìdé e. Àmọ́ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa rí mi nínú ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé àti sálúbàtà, ó ní ìhòòhò ni mo wà. Ó ní kí n lọ wá ìbọ̀wọ́, bọ́ọ̀tù, jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí wọ́n dìídì ṣe fún alùpùpù.

Ọ̀nà mi kò jìn, n kì í sì í sáré. Ooru tún ń mú níbi tí mo wà. Èrò mi ni pé orí ni ikú ń gbà wọlé. Tí mo bá ti bo ìyẹn, ìyókù á ṣeé wò sàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ fèsì pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìtọ́jú egbò ni iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn, èmi náà sì ń gun alùpùpù. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí náà ẹ má bínú tó bá gùn.

Òótọ́ ni pé orí ló ṣáájú. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, gbé jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé, fún ẹni tí ìjàǹbá alùpùpù bá ṣẹlẹ̀ sí, akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Ohun tí ẹ ń dé yẹn ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣíwọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, orí wọn pé. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìgbà tí wọ́n á lè de bọ́tìnì aṣọ wọn fúnra wọn padà. Ẹ sọ pé ìyókù á ṣeé wò sàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wò ó.

Awọ ara wa kò nípọn. Níbi púpọ̀ lára, kò ju mílímítà 2 lọ. Bí ènìyàn bá wọ́ nílẹ̀, títì á fá a bí ìgbà tí káfíńtà ń fi sáńpépà fá pákó, òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn á sì wọnú ẹran. A gbọ́dọ̀ yọ gbogbo rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń fọ̀ ọ́. Tí a bá fi díẹ̀ sílẹ̀, awọ á pa dé mọ́ ọn, àmì dúdú yẹn á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Tí egbò náà bá jìn ju ohun tí awọ lè hù bò lọ, awọ itan ni wọ́n máa bó láti fi lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá egbò kan wọlé á wá ní méjì, èyí tó wà ní itan yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó ń ta wọ́n jù.

Ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ rò jù. Ẹni tó ń ṣubú kì í gbèrò kó tó na ọwọ́. Ọwọ́ á ti kan ilẹ̀ kí ó tó mọ̀. Egungun kékeré kan wà nínú ọrùn-ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, tí àwọn dókítà ń pè ní scaphoid. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá kán, ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó so padà, òmíràn kì í so láìsí iṣẹ́ abẹ. Ìbọ̀wọ́ alùpùpù tó dáa máa ń ní ike líle ní àtẹ́lẹwọ́, kí ọwọ́ lè yọ̀ lọ lórí títì dípò kó há kí ọrùn-ọwọ́ sì tẹ̀.

Sálúbàtà ńkọ́? Ó ti bọ́ lẹ́sẹ̀ kí ènìyàn tó dé ilẹ̀. Alùpùpù á wá wó lé ẹsẹ̀ lásán, sàlẹ́ńsà gbígbóná á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀tù tó le, tó ga kọjá kókósẹ̀, ló lè gba irú ìyà yẹn.

Ní ti eré: bí ẹni tó dúró bá ṣubú lulẹ̀ lásán, tí orí rẹ̀ já láti mítà 1.5, eré tó fi máa kan ilẹ̀ ti sún mọ́ kìlómítà 20 ní wákàtí kan. A ò tí ì ka eré alùpùpù mọ́ ọn.

Ní ti ọ̀nà tí kò jìn: ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí nì, T. E. Lawrence, lọ fi wáyà (tẹlígíráàmù) ránṣẹ́ ní ibùdó àwọn sójà tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Ó ń padà bọ̀ nílé lórí alùpùpù ni ó yà fún ọmọkùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú. Kò dé akoto. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú. Hugh Cairns, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn tí wọ́n pè wá sí ibùsùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfarapa orí àwọn tó ń gun alùpùpù kò kúrò lọ́kàn ọkùnrin náà mọ́. Nígbà tó fi di ọdún 1941, ó ti tẹ ìwádìí lórí rẹ̀ jáde, àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di dandan fún àwọn sójà wọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ láti máa dé akoto. Ìtòsí ilé ni Lawrence wà nígbà tó ṣubú.

Àgbà Awakọ̀ fèsì pé:

Àbúrò, ẹ gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì. Èmi á fi ti ooru kún un. Jákẹ́ẹ̀tì wà tí aṣọ rẹ̀ dà bí àwọ̀n, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá tí ẹ bá ti ń rìn. Ibi tí ooru ti ń dà yín láàmú ni ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, ìyẹn kì í sì í pẹ́.

Ẹ yẹ inú aṣọ wò kí ẹ tó sanwó. Ti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ní àmì ìlànà ààbò, EN 17092, pẹ̀lú lẹ́tà tó ń sọ irú ààbò tó ní. AAA ló lágbára jù, AA tẹ̀ lé e, A ló fúyẹ́ jù nínú àwọn tó pé. B kò ní páádì, ìyẹn tìmùtìmù inú aṣọ tó ń gba ìkọlù. C jẹ́ páádì nìkan, kò ní gba awọ yín lọ́wọ́ títì. Páádì èjìká, ìgúnpá àti orúnkún ní àmì tirẹ̀, EN 1621-1; ìpele 2 ń gba agbára ìkọlù ju ìpele 1 lọ.

Jíǹsì tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ ya lórí títì. Aṣọ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tún burú jù ú lọ, ó lè yọ́ mọ́ ènìyàn lára.

Ẹṣin Irin fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe. Owó mi kò lè ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n fi ṣáájú? Ṣé mo lè ra àlòkù? Ìyàwó mi náà máa ń jókòó sẹ́yìn mi nígbà míì, akoto kan ṣoṣo la sì ní.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ fèsì pé:

Tí ẹ bá ti ní akoto, ìbọ̀wọ́ àti bọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Wọn kì í wọ́n tó ìyókù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì ni oúnjẹ yín. Jákẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ṣòkòtò.

Ẹ lè ra jákẹ́ẹ̀tì tàbí bọ́ọ̀tù àlòkù, kí ẹ ṣáà yẹ ojú rírán rẹ̀ wò dáadáa, kí páádì sì wà níbẹ̀. Akoto àlòkù ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má rà. Fóòmù líle tó wà nínú rẹ̀ ló ń gba ìkọlù, ó ń rún kí agbárí má bàa rún. Tó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, kì í wú padà, ẹ kò sì lè fi ojú rí i láti ìta. Ẹ ò mọ ibi tí ẹni tó tà á fún yín ti ṣubú. Èyí tí ẹ ní nísinsìnyí náà, tí ẹ bá fi ṣubú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín dáadáa, kó má máa yí tí ẹ bá mi orí, kí ẹ sì de okùn àgbọ̀n rẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí tí wọn kò bá dè lè fò dànù kí orí tó kan ilẹ̀.

Ní ti ìyàwó yín, ilẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì máa ṣubú lé, ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì ní ọwọ́ alùpùpù dì mú. Akoto tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́ tiyín, kó jẹ́ èyí tó bo àgbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dé e wò, nítorí orí yín lè má rí bákan náà. Kó tó dìgbà náà, kí ìyàwó yín máa wọ ọkọ̀.