Ẹ̀yin tí wọ́n ti dí iṣan ọlọ inú yín (spleen, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ikùn) nítorí ẹ̀dọ̀: báwo ni ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

Ìyá Tẹ̀mi (Lugbe)
Ẹ kú ilé o. Baálé mi ni wọ́n ṣe é fún ní ọdún tó kọjá. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti gan láti ọwọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B), ó sì ti bì ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọkọ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kejì ti bá a, aṣọ mi ò ṣe é wọ̀ mọ́ dòní. Platelet rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá) wá já sí 31,000, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara ẹ̀ dá kì í sábà dín ní 150,000. Eyín kan tó ti jẹrà ń dà á láàmú, kò sì sí oníṣègùn eyín tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. La bá ta ilẹ̀, a gba Íńdíà lọ.
Wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ láti abẹ́ ìtan, ó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọlọ inú, wọ́n wá rọ àwọn nǹkan kéékèèké sí i kó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, ìdajì ó lé díẹ̀. Wọn ò la ikùn rárá. Platelet gòkè, a dúpẹ́. Ẹ̀dọ̀ gan-an ni mò ń béèrè. Dókítà ọ̀hún ní ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ náà lóore, ti ìhín ní ká má fọkàn sí ìyẹn. Ta ló ti fojú ara ẹ̀ rí i?

Ọmọ Ọ̀fà
Ọlọ inú kẹ̀? Ọlọ tí ìyá mi fi ń lọ ata nìkan ni mo mọ̀ o.

Káfíńtà Nyanya
Ìyá Tẹ̀mi, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ò ṣe ti ọlọ inú, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. 2017 nìyàwó mi fẹ́ bímọ, wọ́n ní kí n wá fún un lẹ́jẹ̀. Mo ti ra máòtì tí mo máa mu tí mo bá ṣe tán. Nọ́ọ̀sì kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣe é lò. Àyà mi já, mo ní éèdì ti dé nìyẹn. Ó ní rárá, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín? Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo mu máòtì mi, mo lọlé, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.
Nígbà tó di 2021 ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn oníbàárà mi ní "Káfíńtà ti ń lówó o." Lítà mẹ́fà omi ni wọ́n fà jáde níkùn owó yẹn. Láti ìgbà náà, tenofovir (oògùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B) lójoojúmọ́, propranolol (tó ń dín agbára ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ẹ̀dọ̀ kù), wọ́n sì ti fi rọ́bà kékeré so àwọn iṣan tó wú lọ́nà ọ̀fun mi lẹ́ẹ̀mẹta. Iyọ̀ ńkọ́, ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn pé ayé le, ẹ jẹ ewédú tí kò níyọ̀ wò ná.

Ìyá Ìbejì Kubwa
"Káfíńtà ti ń lówó" ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú sà.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ àtèyí tó ń ti ọlọ inú bọ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti gan dà bí ọ̀nà Nyanya láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ ò lọ. Ẹ̀jẹ̀ á ti ara wọn sẹ́yìn, ọlọ inú á wú, á sì máa há platelet mọ́ra. Òmíràn á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ara ọ̀fun. Ìyẹn ló ń bẹ́ tí èèyàn fi ń bì ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá dí apá kan iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọlọ, ọkọ̀ tó ń já sójú ọ̀nà yẹn á dín kù nìyẹn. Iṣan tó ń bọ́ ẹ̀dọ̀ náà lè wá rí ẹ̀jẹ̀ gbà sí i, ìdí tí albumin (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe) àwọn míì fi ń gòkè díẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àpá tó wà lára ẹ̀dọ̀ ò kúrò.
Ìdajì sí nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń dí. Tó bá pọ̀ jù, ọlọ inú lè gba ọyún sínú.

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì
Nọ́ọ̀sì, àlàyé yín dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe é, ó kú.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Yéè. Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ ìyá mi?

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì
Kí wọ́n tó ṣe é ni omi ti wà níkùn ẹ̀. Ẹyin ojú ẹ̀ ti dà bí àtalẹ̀ pupa. Wọ́n ní á gbé e dìde. Ọjọ́ kẹsàn-án, ara ẹ̀ gbóná, wọ́n ní ibà tó máa ń tẹ̀ lé e ni, ká fara balẹ̀. A fara balẹ̀. Ọyún ni, Nọ́ọ̀sì, ẹ ò purọ́. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti rẹ̀ débẹ̀, tí ojú ti pọ́n, tí omi wà níkùn, ẹ̀rù ẹ̀ máa ń ba àwọn dókítà púpọ̀ láti ṣe é fún.

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì
Kò ba tiwa. Owó wa ni wọ́n rí.

Àlùfáà Zaria
Àdùkẹ́, ẹ gba kámú. Gbogbo èyí ń rán mi létí gbẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ikùn mi. Zaria ni wọ́n bí mi sí. Mo máa tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ikùn mi le kọ́kọ́, ìyá onílé wa ní "saifa ne" (ọlọ inú ni, lédè Hausa). Wọ́n pe wàǹsámì (onígbàjámọ̀ Hausa tó ń sín gbẹ́rẹ́), ó fi abẹ sín mi ní gbẹ́rẹ́ ní gbàgede, bàbá mi mú mi lọ́wọ́, ìyá mi ń sunkún nínú yàrá. Mo ṣì ń gbóòórùn oògùn dúdú tó fi ra á títí di òní.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ sì sàn?

Àlùfáà Zaria
Mo sàn.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Ibà ló wú ọlọ inú yín, Àlùfáà. Tí ibà bá ń gbé ọmọ dè lemọ́lemọ́, ọlọ inú á wú, tó bá dàgbà tí ara ẹ̀ mọ ibà jà, á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Gbẹ́rẹ́ kọ́ o.

Àlùfáà Zaria
Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ dákun, ẹ má bá ara yín jà. Mo fẹ́ béèrè ti àwọn ọmọ. Ìyá ọkọ mi ti ya ṣíbí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ́tọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ní ó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Ṣé òótọ́ ni pé ṣíbí ń kó o ranni?

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Irọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìbálòpọ̀ ni, ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ ni, abẹ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún ẹlòmíì ni (Àlùfáà, mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni). Ẹ kó àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ná. Láti 2004 ni àjẹsára ẹ̀ ti wà lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Àwa tí a dàgbà jù ìyẹn ló yẹ ká sáré.

Ọba Ewé
Ẹ̀yin ará, ẹ yéé náwó sí òyìnbó. Ọjọ́ 21 péré, àgbo mi á tún ẹ̀dọ̀ ṣe, á fọ ọlọ inú mọ́ tónítóní. Ẹ kàn sí mi níkọ̀kọ̀.

Káfíńtà Nyanya
Níkọ̀kọ̀ nítorí kí ni? Sọ ọ́ níbi tí gbogbo wa wà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi mu irú ẹ̀ kí ikùn mi tó wú.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ gbé ìwé àyẹ̀wò ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ wò sàn wá. Ti kó tó mu ún àti ti lẹ́yìn tó mu ún.

Ọba Ewé
Ìgbàgbọ́ yín ló kéré.

Sábó Kano
Ẹ fi babaláwo sílẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ní Àríwá yìí ni ẹ̀pà tó ti bu. Ẹni tó bá ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tó tún ń jẹ ẹ̀pà olóró, ewu àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pọ̀ fún un gan-an.

Alẹ́pà Dawanau
Ẹ rọra o. Ẹ̀pà la ń tà jẹun níbí. Èyí tó bu yàtọ̀, èyí tó gbẹ dáadáa yàtọ̀. Ẹ má ba ọjà mi jẹ́.

Sábó Kano
Mo ní "tó ti bu". Ṣé tìrẹ ti bu ni?

Ìyá Tẹ̀mi (Lugbe)
Ẹ ṣé gan-an o. Àdùkẹ́, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ka tìrẹ fún baálé mi, kò fọhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibà gbé òun náà dè fún ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é, ẹ̀gbẹ́ òsì ń ro ó, ó ń bú mi pé èmi ni mo mú òun wá kú sílẹ̀ òkèèrè.
Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ti wa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, platelet ti fo dé 140,000. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó ti sọ̀ sí 92,000, ibẹ̀ ló dúró sí. Albumin wà ní 27 tẹ́lẹ̀, ó di 32. Kò tíì bì ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ayọ̀ mi ni 32 yẹn, mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀dọ̀ ti ń padà. Àbúrò mi wá rán mi létí pé oṣù kan náà tí a dé ni baálé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo tenofovir láì fo ọjọ́ kan. Tẹ́lẹ̀, ó lò ó lónìí, ó gbàgbé lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná
Ibẹ̀ gan-an ni, mà. Oògùn yẹn nìkan, tí èèyàn bá lò ó déédéé, lè gbé albumin sókè. Platelet, ti ọlọ inú nìyẹn. Ti 32, méjèèjì ló lè jọ ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó fo oògùn nítorí pé wọ́n ti ṣe ọlọ inú o.

Káfíńtà Nyanya
Èmi tí mi ò rówó Íńdíà, tenofovir ni mo gbá mú. Tèmi ti kúrò ní 25 dé 33. Ẹ wò ó o, mo fi ẹyọ kan ju baálé Ìyá Tẹ̀mi lọ.

Ọmọ Ọ̀fà
Màmá, eyín yẹn ńkọ́?

Ìyá Tẹ̀mi (Lugbe)
Ó ní kò dun òun mọ́. Kò lọ yọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ ta ilẹ̀ torí eyín, eyín ṣì wà lẹ́nu!

Káfíńtà Nyanya
Baálé yín àtèmi máa mọwọ́ ara wa.

Alẹ́pà Dawanau
Ìyá Tẹ̀mi, ẹ forí jì mí, apá ibo ni ilẹ̀ yẹn wà ní Lugbe? Mo lẹ́nì kan tó ń wá.

Ìyá Tẹ̀mi (Lugbe)
Ó ti tà, ẹ̀gbọ́n.