Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì: iṣẹ́ wo ló wà níwájú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Kírẹ́díìtì mi pé márùn-ún, ṣùgbọ́n máàkì JAMB mi kò tó èyí tí yunifásítì ń béèrè. Mo fẹ́ lọ ṣe ND, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì, ní kọ́lẹ́jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Moor Plantation, n'Íbàdàn. Bàbá mi, tí wọ́n fi oko kòkó tọ́ wa dàgbà, ní àwọn kò rí ìdí tí àwọn yóò fi sanwó ohun tí àwọn lè kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an ni ẹni tó ní ND lè ṣe?

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè dáhùn pé:

Àbúrò, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì ND, ẹ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kí ẹ tó padà ṣe HND, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì tó ga ju ND lọ, tàbí, bí èsì yín bá dára, kí ẹ gba Direct Entry wọ ipele 200 ní yunifásítì, níbi tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń gba ọdún márùn-ún. Ẹ ṣáà rántí pé ẹni tó dúró lórí ND kò ní lọ sìnrú ìlú, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìsìnrú ìlú.

Ọlọ́pẹ Ìkẹ́nnẹ́ dáhùn pé:

Òótọ́ ni bàbá yín sọ nípa oko ríro, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irúgbìn kò sí lẹ́nu àdá. Ọmọ ọ̀pẹ ni èmi ń tọ́jú tà. Ọ̀pẹ tenera tí gbogbo ènìyàn ń wá jẹ́ àdàlù dura, tí èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, àti pisifera, tí kò ní èèpo rárá. Bí àgbẹ̀ bá ṣa ẹyìn tó já bọ́ lábẹ́ tenera lọ gbìn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan yóò padà di dura, ìdá mẹ́rin mìíràn yóò di pisifera, èyí tí kì í sábà so, kò sì ní mọ̀ títí di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí owó ìroko ti wọlẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń ra irúgbìn tó ti hù láti NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba àpapọ̀ lẹ́bàá Benin, tí mo sì ń tọ́ ọ nínú náílọ́ọ̀nù fún bí ọdún kan. Bí a bá gbìn ín ní mítà mẹ́sàn-án síra ní onígun mẹ́ta, 143 ni yóò gba hẹ́kítà kan. Oníbàárà tí a kò bá ṣe ìṣirò yìí fún lè ra ju èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ gbà lọ.

Onígààrí Òde dáhùn pé:

Ẹ má gbàgbé ìdí iṣẹ́ ẹ̀gẹ́. Gààrí wa tó kan dáadáa ní ọjà tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a bá dì sápò nígbà tó ṣì gbóná yóò làágùn, yóò sì bu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Àwọn tó ń ta á sókè òkun ń wá ẹni tó mọ irú nǹkan báyìí. Kí ẹ tó sanwó ilé ẹ̀kọ́, ẹ bèèrè bí oko àti ilé adìyẹ wọn bá ń ṣiṣẹ́. Bí àkókò IT, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, bá kù díẹ̀, ẹ tètè kọ̀wé sí oko ìwádìí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ní Ìkẹ́nnẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ́fíìsì ni wọ́n fi yín sí níbikíbi, tí ẹ kàn ń to fáìlì, ẹ tọrọ ibòmíràn lọ́wọ́ wọn.